Bàbá Oníkáàdì àti Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Fi Iṣẹ́ Wọn Dógò Fún

Ọdún 1938 ni a bí Bàbá Oníkáàdì sí yàrá kan lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé. Bàbá wọn a máa tún ìwé tó já rán, ìyá wọn a máa fọṣọ fún ará àdúgbò. Ní 1957, wọ́n gbégbá orókè nílé ẹ̀kọ́ girama nínú èdè Látìn, ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ wọn ń sá fún.

Ní 1964, wọ́n fẹ́ Màmá wa, aránṣọ tí kò jókòó nínú kíláàsì rí, àmọ́ tí ojú wọn mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Ọdún náà ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè. Káàdì kan, ọ̀rọ̀ kan; káàdì kò sì gbọdọ̀ wọ àpótí àfi tí ìtumọ̀ rẹ̀ bá yé Màmá. Bí kò bá yé wọn, wọn á ní kí Bàbá lọ tún un sè, kò tíì jinná.

Ní 1979, ọ̀rọ̀ kan fẹ́ẹ̀ lé wọn níṣẹ́: dẹ́sínẹ́ńsì, orúkọ tí àwọn onímọ̀ èdè ń pe ìparí ọ̀rọ̀ tó máa ń yí padà bí iṣẹ́ ọ̀rọ̀ náà bá yí padà. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ ìwé náà fún wọn ní kí wọ́n yọ ọ́, pé kò lè yé ẹnikẹ́ni. Bàbá fi iṣẹ́ wọn dógò: bí kò bá yé aránṣọ ilé àwọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn á kúrò. Màmá mọ̀ pé oúnjẹ ọmọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, síbẹ̀ wọn kò purọ́. Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n dá káàdì náà padà.

Lọ́jọ́ keje, Bàbá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n ní láti inú Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, lára désínéré, tó túmọ̀ sí kí èèyàn dáwọ́ nǹkan dúró. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dáwọ́ dúró nìyẹn. Màmá gbé síkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ wọn sókè, wọ́n béèrè bóyá ìṣẹ́tí ni Bàbá ń sọ: ibi tí aṣọ parí sí, tí à ń ká bí ẹni tó máa wọ̀ ọ́ bá ṣe ga tó. Bàbá bú sẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú wọn. Ìtumọ̀ náà ló wà nínú ìwé di òní, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Bàbá kì í pẹ́ dé ilé ìsìn, bí wọ́n tilẹ̀ máa ń sùn bí ìwàásù bá gùn. Ogún ọdún ni wọ́n fi kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n dákẹ́ ní 2021, lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Màmá, ọmọ mẹ́rin àti ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án ló gbẹ̀yìn wọn.

Màmá ni a kọ́kọ́ ka ìtàn yìí fún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní ó ti jinná.

Bàbá Oníkáàdì, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ sùn re. Ó ti yé wa.