Ẹni Tó Dúró Níwájú Analyn

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Kẹsàn-án
Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kó pé ọdún kan tí ọkọ̀ ojú omi náà rì. Áàpù wa ti ń ṣiṣẹ́. O gbé fóònù sókè ní èbúté, o rí àwọn mẹ́tàlélógún tó kú, wọ́n dúró síbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà nínú fọ́tò ìkẹyìn tí wọ́n yà kí wọ́n tó wọkọ̀. O fọwọ́ kan èèyàn rẹ lójú fóònù, á sọ̀rọ̀ – ohùn tirẹ̀ gan-an, látinú ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ fi pa mọ́. Ọ̀gá mi – Kíákíá ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, Sir Gil ni mo ń pè é níwájú rẹ̀ – ní iṣẹ́ ti parí. Kò tíì parí. Wọ́n fún pọ̀ jù nínú fọ́tò yẹn. Èjìká bo ojú, orí bo orí.

Ọjọ́rú, 3
Àwọn ìdílé wá dán an wò lónìí. Nanay Puring ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú; Nanay, ìyẹn ìyá, ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àìsàn ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Analyn, àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wà ní ìlà kejì. Ojú rẹ̀ nìkan ló yọ lẹ́yìn èjìká ọ̀gákọ̀. Ìyá fọwọ́ kan ojú ọmọ.

Ọ̀gákọ̀ ló dáhùn. "Ẹ wọlé, ẹ wọlé! Àyè ṣì wà!" Ó wá rẹ́rìn-ín.

Àádọ́rin èèyàn ló wà nínú ọkọ̀ tí kò yẹ kó gbà ju ogójì lọ. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀.

Nanay rọra gbé fóònù lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ mi ni mo pè. Kí ló dé tó jẹ́ pé òun ló ń dá mi lóhùn?"

Mo ní ẹ má bínú, Nanay.

Ọjọ́bọ̀, 4
N ò lè kọ ọ́ lánàá. Kí n kọ ọ́ báyìí.
Tatay mi, bàbá mi, ni ọ̀gákọ̀ yẹn. Orúkọ ọkọ mi ni mò ń jẹ́ níbi iṣẹ́, wọn ò mọ̀. Òun náà kú pẹ̀lú wọn. Èmi ni mo fi ohùn rẹ̀ sínú áàpù, ní orúkọ Mama. Ohùn kan ṣoṣo tó kù sí wa lọ́wọ́ nìyẹn – ó ń ránṣẹ́ sí Mama lórí fóònù, ó yíjú pe àwọn èrò. Nítorí ẹ̀rín yẹn ni mo ṣe mú un. Ẹ̀rín yẹn nìkan ni mo ń gbọ́. N ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Ọlọ́run mi, n ò gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 5
Kíákíá ní, "Neri, yọ ọ̀gákọ̀ yẹn kúrò, ká rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Ta ló ń sunkún rẹ̀?"
Mo ṣàlàyé. Ẹni tó bá wà níwájú jù ni kóòdù wa máa ń mú. Bí a bá yọ ọ̀gákọ̀, ẹni tó ń ta yìnyín ṣì bo ìyàwó rẹ̀, àwọn ìbejì ṣì bo ara wọn.
Ó ní, "Àbí bàbá ẹ ni? O kàn ń gbèjà rẹ̀ ṣáá."
Ó rẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 7
Mama pè láti erékùṣù. Ó ní ṣé ohùn Tatay ń jáde dáadáa. Mo ní ó ń jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9
Ọgbọ́n tuntun: tí o bá tẹ ìka mọ́ ibi tí wọ́n ti bora, wọ́n á yà sọ́tọ̀ bí káàdì ayò, o wá mú ẹni tó o fẹ́. Ó dùn ní ọ́fíìsì. Mo gbé e lọ sílé Nanay Puring. Ó bu ìrẹsì fún mi, ó fi ẹja gbígbẹ lé e. Ó tẹ ìka. Wọ́n yà. Kó tó tún tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ti gbọ̀n kọjá. Ẹni tó ń ta yìnyín ló dáhùn. Lẹ́ẹ̀kejì – ọ̀kan nínú àwọn ìbejì. Lẹ́ẹ̀kẹta –
"Àyè ṣì wà!"
Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n tẹ̀ ni, ọmọ, àbí ẹ̀rọ yín?"
Mo ní ẹ̀rọ ni, Nanay. N ò lè jẹ oúnjẹ yẹn tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 12
Mo pa káàdì tì. Ní báyìí, kóòdù ń wo ibi tí ìka ti pẹ́ jù bó ṣe ń gbọ̀n, ó sì ń fún ojú kékeré tó yọ díẹ̀ láyè ju àyà ńlá tó wà níwájú lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ń gbọ̀n ọwọ́ mi, mo dán an wò ní igba ìgbà. Ó ṣìnà lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ìgbà mọ́kọ̀ọ̀kànlá, Tatay ni. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì nínú fọ́tò yẹn, ó fi bo ẹni mẹ́rin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13
Mo kọ ìlà kan kún un. Ìka á máa gba ara Tatay kọjá bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á máa rí i, kò ní dáhùn. Igba ìgbà, kò sí àṣìṣe kankan.

Ọjọ́ Ajé, 15
Òjò. Àbẹ́là lábẹ́ agboòrùn. Fádà gbàdúrà ṣókí. Nanay Puring fi ọwọ́ gbígbọ̀n yẹn kan ojú ọmọ rẹ̀, Analyn sì dáhùn: "Nanay, mo ti jẹun o. Ẹ má dààmú." Mo ka iye ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ títí mo fi dẹ́kun kíkà.

Lẹ́yìn náà ó wá jókòó tì mí. Ó ní, "Iwájú orí bàbá rẹ, ọ̀gákọ̀ yẹn, lo gbé. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tá a kọ́kọ́ wá."
"Ìwọ lo pa á lẹ́nu mọ́?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Nanay.
"O ṣé. Má yọ ọ́ kúrò o. Jẹ́ kó dúró síbẹ̀, kó máa gbọ́ bá a ṣe ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má pe òun."
Ó gbá mi lórúnkún jẹ́jẹ́, bí èèyàn ṣe ń gbá ọmọ tirẹ̀, ó dìde, ó lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16
Mama bá ọkọ̀ àárọ̀ dé láìsọ fún mi. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀. Mo ní ká kọ́kọ́ lọ jẹun, ó ní rárá, ibẹ̀ ni ká kọ́kọ́ lọ. Ó gbé fóònù sókè, ó rí Tatay, ó ní, "Wò ó, bó ṣe sanra nígbà yẹn!" Ó fọwọ́ kàn án láyà.
"Nanay, mo ti jẹun o. Ẹ má dààmú."
Ó tún fọwọ́ kàn án. Ó tún gbọ́ ọ. Ó yíjú sí mi.
"Neri, ọmọ ta nìyí? Kí ló dé tó ń pè mí ní Nanay?"