Ṣíbí Iyọ̀ Tí O Rà ní Sábó

                                        Agboolé Oníṣọ̀nà,
                                        Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́,
                                        Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Rúùtù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú òjò tó ń pa gbogbo wa láìsinmi yìí. Bàbá Fèyíkẹ́mi ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Olúwafèyíkẹ́mi ọmọ mi ńkọ́? Sọ fún un pé aṣọ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kó yé pè mí ní télọ̀ onírọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ló ń sọ. Àwọn ará ìjọ Onítẹ̀bọmi yín ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń wo àwa aláṣọ funfun bí aláriwo? Ẹ máa wò wá lọ. Ariwo náà la ó fi wọ ọ̀run.

Ó yẹ kí n sọ pé àlàáfíà ni a wà níhìn-ín, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé-ìwé pé ká máa kọ ọ́. N kò lè kọ ọ́. Bàbá ṣì wà láàyè, ìyẹn nìkan ni mo rí sọ.

O ti gbọ́ lẹ́nu mi lórí fóònù pé àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n. Ohun tí n kò sọ ni bó ṣe rí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn ti kú pátápátá, ẹnu wọn sì ti wọ́ sí apá kan. Ọwọ́ káfíńtà tó ń fá pákó títí pákó á fi máa dán, àwa là ń gbé e sórí ìrọ̀rí fún wọn báyìí. Wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ o. Ojú wọn ń tẹ̀lé wa káàkiri yàrá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde. Bàbá tí ẹnu wọn kì í dákẹ́! Bàbá tó jẹ́ pé o kò ní í tíì bọ́ bàtà tán tí wọ́n á ti máa pè ọ́ ní ọmọ ajílété, tí wọ́n á ní ṣé ebi lé ọ kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Àánú wọn ń ṣe mí débi pé tí mo bá fẹ́ sunkún, ẹ̀yìn ilé ni mò ń lọ.

O ní o ń bọ̀ ní Sátidé. Ìdí lẹ́tà yìí gan-an nìyẹn. Fóònù mi ti bàjẹ́ débi pé àfi kí n tẹ sípíkà kí n tó gbọ́ nǹkan, gbogbo ilé á sì máa bá wa gbọ́ ọ. Jọ̀wọ́, Rúùtù, tí o bá dé, má bèèrè ṣíbí lọ́wọ́ Màmá. Mo mọ̀ ọ́. Kí o tó jókòó ni wàá ti máa pariwo pé, “Màmá, ṣíbí mi ńkọ́?” bí o ṣe máa ń ṣe. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, lọ́tẹ̀ yìí, pa ẹnu mọ́.

O rántí ọjọ́ tí dókítà ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́hùn-ún sọ fún Bàbá pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, pé iyọ̀ inú oúnjẹ ilé wa ti pọ̀ jù. Ìwọ lo mú wa lọ sí Sábó lẹ́yìn náà. Ìwọ lo ná ṣíbí ìwọ̀n aláwọ̀ búlúù yẹn lọ́wọ́ ọkùnrin Haúsá kan títí ọkùnrin náà fi ń rẹ́rìn-ín tó sì tà á fún ọ ní iye tó wù ọ́. Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ létí èmi àti Bàbá pé ṣíbí kan fún ìkòkò ọbẹ̀ kan, kò gbọdọ̀ lé. Bó ṣe wọ etí mi ni mo ṣe gbé e délé fún Màmá: ṣíbí kan, kò gbọdọ̀ lé.

Háà, Màmá gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gba àṣẹ láti òkè wá. Wọ́n lé gbogbo wa kúrò nídìí ààrò, wọ́n ní tí ọwọ́ bá ti pọ̀ nídìí ìkòkò, iyọ̀ ibẹ̀ á pọ̀. Wọ́n kó Mágí ilé fún aládùúgbò. Wọ́n fi òwú so ṣíbí náà mọ́ agolo iyọ̀, kí ọmọ kankan má baà fi bu gààrí. Tí Bàbá bá bèèrè iyọ̀ nídìí oúnjẹ, Màmá á ní, “Bàbá Bùkọ́lá, ẹ̀mí yín ló dùn mọ́ mi, kì í ṣe ọbẹ̀.” Bàbá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jẹun. Ọbẹ̀ náà sì ń dùn, Rúùtù! Bàbá ń ṣe fáàrí kiri ṣọ́ọ̀ṣì pé irọ́ ni wọ́n ń pa pé ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ kì í dùn, kí wọ́n wá tọ́ ti ìyàwó òun wò. Èmi náà jẹ ẹ́, mo ní ọwọ́ Màmá ló dáa.

Ẹ̀jẹ̀ ríru náà kò lọ sílẹ̀ o. Gbogbo ìgbà tí a bá lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ṣe ló ń ga sí i. Dókítà á bèèrè iyọ̀, Màmá á ní ṣíbí kan péré. Wọ́n pààrọ̀ oògùn, kò yàtọ̀. Wọ́n tilẹ̀ bèèrè bóyá Bàbá ń yọ́ sìgá mu, Bàbá tó ti ń wọ aṣọ funfun láti ìgbà èwe! Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n ń wọ aṣọ àdúrà lọ́wọ́, aṣọ náà ò tíì kọjá ọrùn wọn tí wọ́n fi ṣubú lulẹ̀.

Kí àyà wa tó wálẹ̀ ni Bọ̀dá Mátíù, àbúrò Bàbá, ti mọ ẹni tó ṣe é. Ṣé o mọ Kúbúrátù, obìnrin tó ń ta irú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Màmá ní Akẹ̀sán? Òun àti Màmá ti jà rí nítorí àyè agboòrùn, wọ́n sì ti parí rẹ̀. Ní Fúráìdé tó ṣáájú ọjọ́ tí Bàbá ṣubú, Kúbúrátù sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ, ó sì gbé mọ́ínmọ́ín ránṣẹ́ sí Bàbá. Bàbá jẹ ẹ́ tán, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ewé rẹ̀ mọ́ ọn. Bọ̀dá Mátíù ní kí la tún ń wá. Wọ́n lọ dúró láàárín ọjà, wọ́n pe obìnrin yẹn ní apààyàn níṣojú gbogbo ayé. Láti ìgbà náà, irú ń bàjẹ́ lórí àtẹ Kúbúrátù. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gba ibòmíràn kọjá bí ẹni pé wọn kò mọ̀ ọ́n rí. Màmá kò sọ pé òun ni, wọn kò sọ pé òun kọ́. Wọ́n kàn ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ta ọjà wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àárẹ̀ mú Màmá, wọ́n ní kí n wá bá àwọn já ẹ̀fọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa jẹ́ kí n jókòó tì wọ́n nídìí ààrò láti ìgbà tí ṣíbí rẹ ti délé wa. Màmá ti ṣíbí bọ agolo iyọ̀. Rúùtù, ṣíbí náà jáde tòun ti òkìtì lórí. Ó ga gègèrè bíi kóńgò ẹ̀wà, iyọ̀ ń dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n dà á sínú ìkòkò. Wọ́n tún wá fi ìka bu díẹ̀, wọ́n wọ́n ọn lé e, wọ́n sì rọra sọ ọ́ bí ẹni ń súre pé, “Èènì Bàbá.”

Mo tẹjú mọ́ ẹ̀fọ́ tí mò ń já.

Ṣé ó ti yé ọ báyìí? Láti ìgbà ọmọge ni Màmá ti ń wọn ẹ̀wà àti àgbàdo ní Akẹ̀sán. Lójú wọn, kóńgò tí kò bá ti lórí, olè ló wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá sì wọ̀n tán tí kò fi èènì sí i, ahun ni, kò yẹ kéèyàn tún padà sọ́dọ̀ rẹ̀. A ní ṣíbí kan, ṣíbí kan náà ni wọ́n ń bù. Wọn kò purọ́ fún dókítà. Èènì ńkọ́? Ta ní í ka èènì mọ́ ìwọ̀n? Ẹ̀bùn ni. Ṣé ọkọ wọn ni wọn ó wá ṣahun sí? Ta ni ìbá sì ronú pé ẹni tó ti ń wọn nǹkan láti kékeré, a ṣì ní láti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan?

Inú bí mi, n kò ní í purọ́ fún ọ. Mo bínú sí ṣíbí, mo bínú sí ìwọ tó rà á, mo bínú sí gbogbo obìnrin tó ń gbé kóńgò lọ́jà. Tí mo bá wo ojú Màmá, ìbínú náà kò rí ibi dúró sí. Tí mo bá sọ ọ́, mo ti pa Màmá. Tí n kò bá sọ ọ́, Bọ̀dá Mátíù ti ń kó èèyàn jọ láti lé Kúbúrátù kúrò lọ́jà, obìnrin tí kò ṣẹ̀, tí kò rò. Ọ̀rọ̀ náà di ìsó inú ẹ̀kú, àrámọ́ra. Ohun tí mo rí ṣe ni pé mo ní kí Màmá sinmi, èmi ni màá máa se ọbẹ̀ Bàbá láti ọjọ́ náà lọ. Wọ́n wò mí, wọ́n gbà. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, má dárúkọ ṣíbí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá ọgbọ́n dá sí ti Kúbúrátù.

Ọjọ́bọ̀.

Rúùtù, Olúwaṣògo, awakọ̀ tó ń ná Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí rán, àmọ́ mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́. Bóyá ó dára bẹ́ẹ̀, torí ohun tí mo kọ sókè yẹn kò wúlò mọ́.

Lánàá, mò ń se ọbẹ̀ Bàbá, mo bu iyọ̀, mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá orí ṣíbí kó tẹ́jú. N kò mọ̀ pé Màmá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, “Bùkọ́lá, ṣé bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyẹn?”

Mo wá irọ́ tí màá pa, n kò rí ọ̀kan. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Kò ní í lórí?”

“Kò ní í lórí, Màmá.”

Wọ́n ní, “Kò sì ní èènì.” Iyọ̀ tí mo gbá padà sínú agolo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó kù nínú ṣíbí. Màmá wò ó, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá ní, “Ó dára,” wọ́n sì lọ jókòó ti Bàbá.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kí n sin àwọn lọ sọ́jà. Raliat alákàrà ló kọ́kọ́ dé, ó ní kí wọ́n wọn ẹ̀wà kóńgò kan fún òun. Màmá bu ẹ̀wà, wọ́n wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí kóńgò náà títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n dà á sínú ọ̀rá. Raliat kò di ọ̀rá rẹ̀, ó ń retí. Ó ní, “Màmá, èènì mi ńkọ́?” Màmá ní, “Èènì ti tán lọ́wọ́ mi, Raliat.” Raliat rò pé àwàdà ni, ó ń rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n dìde, wọ́n lọ síwájú àtẹ Kúbúrátù, wọ́n kúnlẹ̀. Màmá mi o, lórí ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ Akẹ̀sán, níwájú ẹni tí wọ́n jù lọ dáadáa! Kúbúrátù fò sókè, ó ń pariwo, “Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi o, Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?” Màmá kò dìde. Wọ́n ní, “Kì í ṣe mọ́ínmọ́ín rẹ. Iyọ̀ ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń bù ú fún ọkọ mi. Wọ́n ní kí n máa wọ̀n ọ́n, mo wá ń wọ̀n ọ́n bí mo ṣe ń wọn ọjà mi.” Gbogbo àwọn tó wà nítòsí ló gbọ́ ọ. Kúbúrátù bá kúnlẹ̀ tì wọ́n, ó gbá wọn mọ́ra, àwọn méjèèjì ń sunkún láàárín irú àti ẹ̀wà. Èmi dúró gbagidi, mo gbé àpò wọn dání. Mo ti pe Bọ̀dá Mátíù, mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n padà lọ dúró síbi tí wọ́n dúró sí lọ́jọ́sí, kí wọ́n fi ẹnu kan náà bẹ̀bẹ̀. Wọ́n gé fóònù. Wọ́n á lọ, tàbí kí èmi fúnra mi lọ pariwo ní ilé wọn.

Nígbà tí a délé, Màmá gba ṣíbí lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní àwọn ni wọn yóò máa se ọbẹ̀ ọkọ àwọn. Wọ́n bu iyọ̀, wọ́n fi ọ̀bẹ gbá orí rẹ̀. Wọ́n po ẹ̀kọ mọ́ ọbẹ̀ náà, wọ́n fi bọ́ Bàbá. Bàbá tọ́ ọ wò. Wọ́n wá gbé ọwọ́ òsì tó ṣẹ́kù fún wọn, wọ́n na ìka sí ìdí ààrò, síbi tí agolo iyọ̀ wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa bèèrè nǹkan. Màmá di ìka náà mú. Wọ́n ní, “Ó ti tó, Bàbá Bùkọ́lá. Ó ti tó.” Bàbá yí ojú sí ògiri, wọn kò la ẹnu mọ́.

Máa bọ̀ ní Sátidé, ọ̀rẹ́ mi. Bí o sọ̀rọ̀ ṣíbí, bí o kò sọ ọ́, kò sí ohun tó kù tí à ń fi pa mọ́. Kí Bàbá Fèyíkẹ́mi fún mi, kí Martha àti gbogbo ará ilé yín, kí ẹ sì máa dárúkọ Bàbá nínú àdúrà yín, bí ẹ kò bá tilẹ̀ pariwo.

Màmá rí mi tí mò ń kọ̀wé, wọ́n sì bèèrè ẹni tí mò ń kọ ọ́ sí. Wọ́n ní kí n kí ọ. Wọ́n ní ṣíbí rẹ kò ní ẹ̀bi kankan, ṣùgbọ́n tí o bá tún máa rà á fún ẹlòmíràn, kí o bá wọn ra ọ̀bẹ mọ́ ọn.

Tìrẹ ni mí, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn,

Adébùkọ́lá.