Má Tíì Ṣí Ṣọ́ọ̀bù

Kíkẹ́lọmọ, ọkàn mi kò balẹ̀ láti ìgbà tí mo gbọ́ pé ẹ̀yin onídìrí fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù padà ní Ìlaròó. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?

O ní, "Màmá, ebi ò mọ Kòrónà." Òótọ́ ni. Ẹgbẹ́ yín ní kí ẹ máa jìnnà sí oníbàárà. Ta ló ń dirun láti òkèèrè?

Dáadáa la wà ní Kùtọ̀nú. Àbúrò rẹ, Ọlámipọ̀, kàn ní ọbẹ̀ mi kò ta sánsán mọ́ ni. Ata ibí ló fà á. Ẹnu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ni mò ń gbé oúnjẹ sí.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Tètè fèsì sórí fóònù, kí n lè kà á sókè fún Ọlámipọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.