Orúnkún Túnráyọ̀

Ìkìrun

Ọmọ mi Olúwadàmọ́lá,

Mo kí ọ. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé l'Ékòó? Ara tèmi le, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí ọ. Lẹ́tà ni mo kọ, torí o máa ń pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ bá ti le.

O mọ̀ pé kèrékèré tó wà láàárín eegun orúnkún Túnráyọ̀ ìyàwó rẹ bàjẹ́ nígbà tí ọ̀kadà gbé e ṣubú lọ́nà Eko Ende. Àwọn dókítà Ìbàdàn gbà á mọ́ àwọn tí wọ́n ń fi iná mànàmáná díẹ̀ sí lórúnkún, láti wò ó bóyá kèrékèré yẹn á tún hù. Mo sìn ín lọ. Iná ọ̀hún kò ju bí ìgbà tí èèrà ń rìn lára ẹni lọ. Ohun tí wọ́n kìlọ̀ fún un ni pé kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀.

Nígbà tá a ṣèpàdé ẹbí n'Ínísà, Túnráyọ̀ tẹríba kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ó ní, "Ẹ má bínú sà, dókítà tó ń fi iná sí mi lórúnkún ní n ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀." Bàbá náà ní, "Ṣé iná ló gbé ẹ tó ò fi lè kí àgbà?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ìwọ náà rẹ́rìn-ín. O ò tiẹ̀ gbójú kúrò lórí fóònù tó o fi ní, "Kúnlẹ̀ jàre, kọ́rọ̀ tán." Ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, Bàbá wá ń ṣe àdúrà gbọọrọ lé e lórí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó dìde, wọ́n ní a kì í já àdúrà.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa wà níbẹ̀, òun gan-an ló wọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà kó mi nírìíra, ẹ̀rín tìrẹ ló sì burú jù nínú rẹ̀.

Orúnkún náà wú, omi gbára jọ sínú rẹ̀. Nígbà tá a padà dé Ìbàdàn, wọ́n ní ìtọ́jú náà kò lè tẹ̀ síwájú mọ́, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Dókítà bi í pé kí ló ṣe é. Túnráyọ̀ ní òun ṣubú ni. Ojú tì í láti sọ pé ọkọ òun wà níbẹ̀.

Ọlọ́run á fún ọ ní ọkàn tó ń gbọ́ ìrora ẹlòmíràn. Wàá dàgbà, wàá gbọ́n.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Àtọ́kẹ́

Ó ku ọ̀rọ̀ kan: ọ̀dọ̀ mi ni ìyàwó rẹ wà. Má rán àgbà kankan sí mi. Ìwọ fúnra rẹ ni kó wá, kó o sì kọ́kọ́ gba Ìbàdàn, kó o lọ sọ òtítọ́ fún dókítà.