Omi Tí Wọ́n Gbẹ́ Sí Ẹ̀yìn Ilé Wa

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Bí ìwé yìí bá bá ọ nídìí oúnjẹ, kí ó gba ibi ire. Bí ó bá bá ọ lẹ́nu iṣẹ́, kí iṣẹ́ má pa ọ́. Èmi ń mí, ìyá rẹ náà ń mí. Ẹsẹ̀ ṣì ń dùn ún, etí òsì tèmi sì ti di, ṣùgbọ́n a kò rí ti àìsàn rò báyìí.

Ìlú ńlá yín ti fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn kan gbé katakata wá, wọ́n gé gbogbo igi tí a máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n ní ibi ìgbafẹ́ ni àwọn fẹ́ ṣe, kí ará ìlú lè rí ibi sinmi. Mo bi wọ́n pé kí ni à ń ṣe lábẹ́ igi yẹn láti ọjọ́ yìí bí kì í bá ṣe ìsinmi, wọ́n ní ìyẹn kò sí nínú ètò. Wọ́n wá gbẹ́ kòtò kan tó lè gbé ilé wa àti ilé káfíńtà tó kángun sí wa mì, wọ́n ní adágún ni yóò dà, ọkọ̀ kéékèèké yóò máa lọ lórí rẹ̀. Wọ́n ri pátákó gàgàrà kan mọ́lẹ̀, àwòrán àwọn èèyàn tó ń rẹ́rìn-ín wà lára rẹ̀, ọmọdé ń ṣe jáńgírọ́fà létí omi. Mo rò pé àwọn tí wọ́n fi ibẹ̀ fún nìyẹn, ni mo bá ń kí wọn láràárọ̀, torí a kì í kọjá lára aládùúgbò láìkí i. Kò sí èyí tó dáhùn, mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ìlú ńlá nìyẹn.

Kò pẹ́ tí katakata fi lọ, wọ́n ní owó ti tán. Òjò dé, kòtò kún. Aránṣọ tó wà ní iwájú ilé wa ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, èyí tí a ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, òun ló máa ń bá ìyá rẹ fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó rí i lára pátákó pé ọmọdé ń ṣeré létí omi, òun náà sì lọ ṣeré. Káfíńtà ló bọ́ sínú omi tó gbé e jáde. Ọmọ mi, kò mí mọ́. Bàtà rẹ̀ ẹyọ kan ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀.

Nọ́ńbà kan wà lára pátákó, mo fi fóònù tí o rà fún mi pè é. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, ó ní àwọn mọyì ìpè mi, kí n ní sùúrù. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí bàtà. Ńṣe ló fi orin sí i. Mo tún un rò, ó tún ní àwọn mọyì ìpè mi, ó sì tún bọ́ sórí orin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá inú rẹ̀ ń dùn lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé mò ń sọ ọ̀rọ̀ òkú, orin ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi abọ́ bu iyẹ̀pẹ̀ dà sínú omi náà, tọkùnrin tobìnrin, káfíńtà ló ṣíwájú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, wọ́n fa káfíńtà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní ó ń ba dúkìá ìjọba jẹ́. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, omi ni. Wọ́n ní omi náà wà nínú àwòrán ìlú, ohun tó bá sì ti wà nínú àwòrán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí i. Káfíńtà kò tíì dé títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ìwọ sì rèé, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni o ti ń ṣiṣẹ́. Dákun, mú rọ́bà kí o pa omi yẹn rẹ́. Bó bá ti kúrò nínú bébà yín, àwa náà á rí i dí níhìn-ín. Bí ọ̀gá rẹ bá bínú, sọ fún un pé bàbá rẹ ló ní kí o pa á rẹ́, ọmọ kì í kọ ọ̀rọ̀ sí bàbá lẹ́nu. Kí o sì fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ká lè fi gba káfíńtà sílẹ̀, torí kò jalè.

Ojoojúmọ́ ni ìyá rẹ ń lọ jókòó ti aránṣọ. Aránṣọ náà kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́. Àná tí mo bá ìyá rẹ lọ, aránṣọ gbójú sókè, ó ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe ọmọ yín ló ya omi yẹn?" Mo ní kì í ṣe ìwọ. Mo ní mo mọ ọmọ mi. Kọ̀wé sí mi kíákíá, kí n lè mọ̀ bóyá irọ́ ni mo pa fún un.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n sunkún rẹ, kò sì ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ ya ohun tí yóò pa ọmọ ọlọ́mọ.

Èmi ni,
bàbá rẹ.