Ẹni Tí Kẹ̀kẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ Gbé

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo lérò pé ara yín le, pé ìyàwó yín àti àwọn ọmọ náà wà ní àlàáfíà. Màmá wà dáadáa. Ẹsẹ̀ òsì wọn nìkan ló ṣì ń wú. Èmi náà wà, mo dúpẹ́.

Ohun tí mo rí láàárọ̀ òní nìyí, bí mo ṣe rí i gẹ́lẹ́. Páálí eré fídíò mẹ́fà lórí káńtà ṣọ́ọ̀bù wa, tí a ò tíì tú ọ̀rá ara márùn-ún nínú wọn. Páàdì mẹ́rin tí wọ́n fi ń ṣeré náà, tí mo pààrọ̀ rọ́bà abẹ́ bọ́tìnnì wọn lánàá. Tẹlifíṣọ̀n kan. Pẹ́pẹ́yẹ kékeré kan tó dé fìlà pupa, tó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ aláago, tó fi apá méjèèjì bojú. Àsíá kan lókè orí ẹ̀. Lára àsíá náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: OLÚBORÍ.

Ìlú Pẹ́pẹ́yẹ, eré orí tẹlifíṣọ̀n tí a jọ máa ń ṣe nígbà kan, ti padà dé, ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn ẹ̀dà mẹ́wàá tí wọ́n fi eré ìje àti ìbọn àti àwọn àjèjì orí íńtánẹ́ẹ̀tì bà jẹ́, àwọn tó ṣe é ní àwọn ti padà sí ìpìlẹ̀: pátákó àkọ́kọ́ yẹn, dáìsì kan, èèyàn mẹ́rin nínú yàrá kan, kí èjìká máa kan èjìká. Ohun kan ni wọ́n fi kún un: èèyàn lè yan èdè tó bá fẹ́ kà, èyí tí wọ́n kọ́ wa níléèwé náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Páàdì, ní kí n ṣe é dé òpin kí oníbàárà tó dé, kí n lè mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀. Ẹ̀rọ ló bá mi ṣe tàwọn mẹ́ta yòókù. Nígbà tí àsíá yẹn jáde, mi ò lè mira. Ìyá Páàdì ní, “Akọ̀wé, ṣé o fẹ́ fẹ́ pẹ́pẹ́yẹ yẹn ni?”

Ẹ má sọ pé ẹ ti gbàgbé. Ọdún kẹsàn-án rè é. Àǹtí wa ní ẹnì kan ṣoṣo ni agbára àwọn ká láti rán lọ sí yunifásítì. Ẹ ti parí girama lọ́dún méjì ṣáájú, èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Èsì ìdánwò mi dáa ju tiyín lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni àkọ́bí. Màmá ní àwọn ò ní dá sí i, ká lọ yanjú ẹ̀ láàárín ara wa. Ẹ̀yin lẹ ní ká fi Ìlú Pẹ́pẹ́yẹ yanjú ẹ̀: àádọ́ta ìyípo, ẹni tó bá borí ni yóò lọ. A ò parí pátákó yẹn rí kó tó dọjọ́ náà, torí Màmá máa ń pa tẹlifíṣọ̀n kó tó dé ìdajì.

Èdè àwọn tó ṣe eré náà ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n nígbà yẹn. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè kà á, torí oníṣọ́ọ̀bù tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́ kọ́ yín. Tí ẹ bá ní òsì ni wọ́n ní ká lọ, òsì la ń lọ. Ní ìyípo márùn-ún ìgbẹ̀yìn, wọ́n fi iye ẹyin tí kálukú ti kó jọ, èyí tí a fi ń mọ ẹni tó ń borí, pamọ́. Lẹ́yìn náà agogo dún, kẹ̀kẹ́ dé, ó gbé pẹ́pẹ́yẹ tèmi, àwọn yòókù dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo bi yín pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ ò wojú mi. Ẹ ní, “Wọ́n ti lé e kúrò nílùú. Ẹni tó bá fìdí rẹmi ni kẹ̀kẹ́ máa ń gbé jù síta. Ṣé o ò rí i bó ṣe ń sunkún ni?”

Mo rí i. Mo sì gbà. Èmi ni mo lọ aṣọ tí ẹ kó lọ: ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ṣòkòtò mẹ́ta.

Èmi ni mo borí lọ́jọ́ yẹn; ẹkún ayọ̀ ni pẹ́pẹ́yẹ yẹn ń sun. Síbẹ̀, mo kọ́kọ́ gbè yín láàárọ̀. Mo ní bóyá ẹ ṣì í kà ni, ọmọ ogún ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè. Nígbà tí mo lọ sílé lọ́sàn-án, mo fa àpótí yín jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé ìlànà eré náà, tí ẹ sọ fún mi pé òjò ti bà jẹ́, wà nísàlẹ̀ pátápátá, nínú ìbọ̀sẹ̀. Omi ò kàn án rí. Ní ojú ewé kọkànlélógún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán kẹ̀kẹ́ náà, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́: “Ẹni tó gbégbá orókè.” Ẹ kọ déètì sábẹ́ ẹ̀. Ó fi oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ tí a ṣeré yẹn.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá pè láti yàrá kejì, wọ́n ní, “Kí lò ń wá tí ò ń ha ilẹ̀ bí eku?” Mo ní ìbọ̀sẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe lílọ tí ẹ lọ ló dùn mí. Ká ní ẹ sọ pé, “Jọ̀ọ́, fi sílẹ̀ fún mi,” bóyá ǹ bá fi sílẹ̀. Ojú mi ló rí i, ẹnu yín ni mo gbà gbọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń sọ fún ara mi pé ohun tí kì í ṣe tèmi ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Nínú lẹ́tà yín tó kẹ́yìn, ẹ ní ẹ máa ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ yín: “Àǹtí yín mọ bí wọ́n ṣe ń pàdánù láìbínú.” Mo ka ibẹ̀ sétí Ìyá Páàdì lọ́jọ́ yẹn, inú mi ń dùn. Ojú ń tì mí báyìí.

Ẹ tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ibi iṣẹ́ fẹ́ fún yín ní ipò tó ga sí i, pé lẹ́yìn àbẹ̀wò òpin oṣù yìí ẹ ò ní ráyè wálé mọ́, kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa tọ́jú Màmá, torí “ìwọ lo ráyè”. Rárá o. Fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ gíga tí mo gbà lóṣù tó kọjá, tí mo fẹ́ ya dànù nítorí lẹ́tà yín, mo ti kọ ọ́ tán lónìí. Ọdún mẹ́rin ni. Yàrá kan ṣófo nílé yín, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni Màmá máa wà fún ọdún mẹ́rin náà. Mi ò fi wọ́n jẹ yín níyà; ìyá yín ni wọ́n. Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún wọn. Ẹ wá lópin oṣù yìí bí ẹ ṣe ṣèlérí, kí ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ohun tí ẹ kà lọ́jọ́ náà àti ohun tí ẹ sọ. Tí ẹ ò bá wá, èmi á sọ ọ́.

Kí Ọlọ́run pa ẹ̀yin àti ìyàwó yín mọ́. Kó jẹ́ kí àwọn ọmọ yín lè máa gba ara wọn gbọ́, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn kábàámọ̀ ẹ̀.

Èmi ni,
àbúrò yín kan ṣoṣo.

Àfikún: Ilẹ̀ ti mọ́ kí n tó kọ èyí. Ẹ̀dà Ìlú Pẹ́pẹ́yẹ tuntun yìí tí ẹ ní kí n bá yín yọ sọ́tọ̀, mo ti gbé e padà sórí káńtà, wọ́n sì ti rà á lánàá. Màmá ní kí n wá jẹun nírọ̀lẹ́ àná, mo ní ó rẹ̀ mí. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni mo ti dùbúlẹ̀.