Balénor àti Vifanet Lórí Tábìlì Kan

Dougouba, Bouaké,
Ìgbà ọyẹ́, ọdún 2006.

Jùmọ̀kẹ́ ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú wàhálà ọkọ̀, o kú ọyẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní ọyẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ní Abidjan. Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ kò ní gbójú kúrò lára rẹ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ẹni tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ kò ní kọjá lẹ́yìn ilé rẹ. Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ tí wọ́n ń pè ọ́ ní Raïssa, bá mi kí wọn, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tèmi Jùmọ̀kẹ́ ni ọ́, torí èmi ni mo lóyún rẹ, kì í ṣe àwọn. Bí o bá ń béèrè wa, ara le, àfi orúnkún bàbá rẹ tí kì í jẹ́ kó forí kanlẹ̀ dáadáa, orí àga ló ti ń kírun báyìí, ó sì ń bínú sí àga náà bí ẹni pé àga ló sọ ọ́ di arúgbó. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì. Báǹkì ṣì wà ní títì láti ìgbà tí ogun ti dé, ọlọ́dẹ kan ṣì ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo sì máa ń kí i pé ó kú iṣẹ́ bí mo bá ń kọjá, torí mi ò mọ ohun tó ń ṣọ́ mọ́, àmọ́ ó ń ṣọ́ ọ dáadáa.

Àmọ̀sù awakọ̀ ló ń mú ìwé yìí bọ̀. O mọ̀ pé ìwé tí mo kà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó bá bàbá rẹ wá síbí, ọjọ́ tí inú bá ń bí mi nìkan ni mo ń lò ó. Nígbà tí o pè mí lórí fóònù lọ́jọ́sí, o pariwo, o sunkún, owó inú fóònù sì tán kí n tó lanu. Nítorí náà jókòó, bu omi mu, kí n dá ọ lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn asipiratẹ̀ Balénor tí o kó ránṣẹ́ láti kọ́ńpìnnì rẹ kí n bá ọ tà, àwọn ẹ̀rọ tó ń fa eruku yẹn, dé ní pípé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan ọ̀kan nínú ilé, bàbá rẹ tí orúnkún ò jẹ́ kó rìn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti rí i, ó ní ọkọ̀ òfurufú tó ń ju bọ́ǹbù tún ti dé. Àwọn ọmọ ogun tó wà ní ìkóríta sáré wọlé tìbọn-tìbọn, wọ́n ń béèrè ẹni tó ń yìnbọn. Mo fi ẹ̀rọ náà hàn wọ́n, mo wọ́ ọ lórí kápẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè rí i, ọ̀kan nínú wọn wò ó títí, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun fa inú rẹ̀. Mo fà á. Ó dúpẹ́, ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú bàtà ọ̀gá rẹ̀.

O kọ ọ́ pé bí àpò inú ẹ̀rọ náà bá kún, kí n pààrọ̀ rẹ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò da èyí tó kún nù o, torí ẹ̀rọ wọn ló kó o, mo ka eruku náà sí ti kọ́ńpìnnì. Mo so ó lẹ́nu, mo ní kí Àmọ̀sù gbé e fún ọ̀gá rẹ, kó lè rí i pé a ò fi ohun ìní rẹ̀ ṣeré. Ní kọ́ridọ̀, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò lójú ọ̀nà, sójà ní kí wọ́n tú u, Àmọ̀sù bẹ̀ ẹ́ pé eruku Dougouba lásán ni, kò gbà, ó fi ọ̀bẹ ya á. Àmọ̀sù ní gbogbo wọn ń sín títí ọkọ̀ òun fi kọjá láìsan nǹkan kan. Bí ọ̀gá rẹ bá béèrè eruku rẹ̀, ibi tó bọ́ sí nìyẹn, kó má bínú.

Mo tún jókòó ti ìwé àwòrán tí o fi sínú ẹrù. Balénor kékeré wà níbẹ̀, Balénor alábọ́dé, Balénor ńlá, àti èyí tí wọ́n ń pè ní Balénor ńlá Plus, tí mi ò mọ ohun tó fi ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ yàtọ̀ sí pé ó pupa. Ìyẹn ò burú, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè, kékeré á máa wọ abẹ́ àga, ńlá á máa gbá gbàgede. Ohun tí kò yé mi ni pé o ní lọ́dún tó ń bọ̀ tuntun míì á jáde, kí a yára ta ti ìsinsìnyí lọ́pọ̀. Kí ló ṣe? Ṣé kò fa eruku mọ́ ni? Àwọn Vifanet, kọ́ńpìnnì tó ń bá yín du ọjà, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí tiyín bá ti pupa, tiwọn náà á pupa, bí tiyín bá ní táyà, tiwọn náà á ní táyà, bí ọmọ orogún tí wọ́n ń wo aṣọ Iléyá ara wọn.

Ọ̀rọ̀ iye owó náà ṣe mí ní àánú. Ọgọ́rùn-ún fáránkì péré ló kù kí Balénor kékeré pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta, ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé. Mo ní ẹ̀hẹ́n, ìyẹn ni ẹ̀dínwó tí kọ́ńpìnnì gbà láti ṣe fún oníbàárà, wọ́n ti yọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú kí a má baà bá wọn ná an. Ọ̀gá rẹ ahun ni o! Èmi tí mò ń ta abọ́ alágbẹ̀dẹ, mo ń yọ ju ìyẹn lọ lórí ìkòkò kan. Àti garantie ọdún méjì tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí, mo fi han bàbá rẹ, ó ní ta ló tó bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí Ọlọ́run tí yóò ṣèlérí ọdún méjì fún ọmọ ènìyàn ní Bouaké yìí. A kọ Ìnṣà Àlá sí i níwájú kó tó lọ sí ọjà.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tó mú ọ sunkún. O ní mo ta ọ́. O ní lẹ́mọ́mù wá sí ìsọ̀ mi, ó fẹ́ ra ẹ̀rọ fún kápẹ́ẹ̀tì mọ́ṣáláṣí, èmi ìyá rẹ sì fi ọwọ́ ara mi júwe Vifanet fún un, àwọn mọ́ṣáláṣí yòókù ní àdúgbò tẹ̀lé e, Vifanet sì gba ìhà àríwá kí Balénor tó dé. Òótọ́ ni. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn, kò sí ẹni tó parọ́ mọ́ mi.

Ṣùgbọ́n gbọ́ mi ná. O mọ̀ pé Sèlíátù, ìyá Nourou, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jà láti ìgbà tí ẹ̀yin ò tíì máa rìn. Bí o ti kó Balénor ránṣẹ́ sí mi ni Nourou náà kó Vifanet ránṣẹ́ sí i, torí kọ́ńpìnnì Vifanet lòun ń bá tajà. A jọ kó gbogbo wọn sórí tábìlì kan, torí tábìlì kan ni a ní. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo ti ta kékeré kan fún aránṣọ kan, Sèlíátù ò sì tíì ta ohunkóhun, kódà ṣíbí kan. Lẹ́mọ́mù dé. Kí ni kí n ṣe? Láti ọjọ́ tí a ti dé ọjà yìí, ẹni tó bá ti tà láàárọ̀ ló ń darí oníbàárà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí kò tíì tà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ṣáájú wa ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá ní Anago níbí tí ọjà sì gbà wá. Mo sọ fún lẹ́mọ́mù lédè Jùlá pé Vifanet ló dára jù lọ ní ayé. Ká ní Sèlíátù ló kọ́kọ́ tà ni, Balénor ni ì bá dára jù.

O ní ọ̀gá yín máa ń ya ọjà sórí ògiri bí àkàrà òyìnbó tí wọ́n gé, pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ń ra ẹ̀rọ yìí, Balénor ló ni ogójì, Vifanet ló ni márùndínlógójì, àwọn kéékèèké ló pín èyí tó kù. Ó dáa. Ṣùgbọ́n o ní ogun ni. O lo ọ̀rọ̀ yẹn lórí fóònù, pé ogun ni, pé Nourou ọ̀tá ni, àti pé ẹ pàdé níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Treichville, o kọjá lára rẹ̀, o ò kí i. Jùmọ̀kẹ́, mo jókòó sórí ilẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn. Àwa tí a wà níbí la mọ ohun tó ń jẹ́ ogun. Wọ́n ti gé ilẹ̀ yìí sí méjì, àwọn sójà funfun dúró láàárín, mi ò tíì fojú kàn ọ́ láti ìgbà náà, ẹ̀yin méjì tí ẹ wà níhà kan náà tún wá fa ìlà míì sáàárín ara yín nítorí eruku.

Jẹ́ kí n rán ọ létí, bóyá ìwé tí o kà pọ̀ jù. Nígbà tí Sèlíátù bí Nourou, oówo mú un lọ́mú, kò lè fún ọmọ lóúnjẹ, ìwọ náà sì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sí ọmú òsì, mo gbé ọ sí ọ̀tún, mò ń tajà lọ. Kò sí ẹni tó wọn ogójì tàbí márùndínlógójì níbẹ̀. Nígbà tí ogun sì bẹ́, tí wọ́n ń dá àwọn tó ń jẹ́ irú orúkọ wa dúró ní àdúgbò rẹ, ta ló fẹsẹ̀ rìn láti Abobo wá mú ọ? Inú yàrá rẹ̀ lo sùn, òun sùn sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lóde títí ìlú fi rọlẹ̀. Nígbà yẹn mi ò rí oorun sùn, ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ kí n máa mí ni pé Nourou wà lọ́dọ̀ rẹ. Ẹ̀rù rẹ ṣì ń bà mí, ọmọ mi. Ìlú yẹn kò tíì rọ̀ tán. Bí o bá lé Nourou lọ, ta ni yóò wá mú ọ nígbà míì, ṣé ọ̀gá Balénor?

Èmi àti Sèlíátù kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. A gbé e lọ sí ìpàdé Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá Yẹ̀kínì tó jẹ́ alága ní kí wọ́n mú ìwé àwòrán kọ́ńpìnnì méjèèjì wá. Àwọn àgbà jókòó tì í títí di ìrọ̀lẹ́. Ìdájọ́ wọn nìyí, kí o kà á sétí ọ̀gá rẹ: ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra. Ìlú Béoumi di ti Balénor, torí ẹ̀yin lẹ ní èyí tó ń fa omi pọ̀ mọ́ eruku, ọ̀dọ̀ àwọn apẹja ló yẹ. Mamini di ti Vifanet. Ní Bouaké, tábìlì kan náà ni. Bàbá Yẹ̀kínì béèrè pé àwọn ènìyàn tí kì í ṣe ti Balénor tí kì í ṣe ti Vifanet, ta ló ń tọ́jú wọn, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, wọ́n ní kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn kéékèèké, àwọn náà lọ́mọ. Lẹ́mọ́mù tí a pè wá ṣẹlẹ́rìí pàápàá dìde, ó ní Vifanet yóò máa gbá ìhà ọkùnrin ní mọ́ṣáláṣí, Balénor yóò máa gbá ìhà obìnrin. Má fojú kéré ìyẹn o, ìhà obìnrin ni àwọn ọmọdé ti ń da bisikíìtì sílẹ̀, eruku tibẹ̀ pọ̀ ju tàwọn ọkùnrin lọ. Ó ti san owó ẹ̀rọ náà.

Wọ́n sì bu owó ìtanràn lé ìwọ àti Nourou torí pé ẹ ò kí ara yín. Èmi àti Sèlíátù fi obì san án, nítorí náà nígbà tí o bá ń fi owó oògùn orúnkún bàbá rẹ ránṣẹ́, fi owó obì sí i, kí o sì fi owó ọṣẹ sí i, torí láti ìgbà tí a ti ní ẹ̀rọ yìí ni mo ti wá ń rí ìdọ̀tí tí mi ò rí tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ku díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn ìyẹn, má jẹ́ kó sùn lọ́dọ̀ rẹ.

Iṣu, ẹja gbígbẹ Béoumi àti ẹ̀gúsí wà lọ́wọ́ Àmọ̀sù nínú àpò kan ṣoṣo. A fẹ́ pín in sí méjì, Sèlíátù ní òun ò lè gé e, èmi náà ò lè gé e. Àmọ̀sù ti ṣèlérí lójú bàbá rẹ pé òun ò ní tú àpò náà àfi tí òun bá rí ojú ẹ̀yin méjèèjì pọ̀ ní ibùdókọ̀ Adjamé láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Ìwé kan náà ni mo bá Sèlíátù kọ sí Nourou, àfi pé mo bú òun díẹ̀ sí i, torí ọkùnrin ni.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọjà rẹ kú. Kí o máa tà, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ náà máa tà. Ọlọ́run yóò pa ọ́ mọ́ fún wa títí ọ̀nà yìí yóò fi là, tí n ó fi fọwọ́ kan ojú rẹ. Nourou lè pẹ́, o mọ̀ ọ́n, láti kékeré ni oorun òwúrọ̀ ti ń dá a dúró. Bí o bá kọ́kọ́ dé, dúró dè é.

Èmi ni,
Sèfíyátù, ìyá rẹ.